Ìkíni Ìsàlẹ̀ Ínfọ́ìsì

Ọkùnrin kan wà tó ń ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé alumíníọ̀mù, tí kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́ àfi báńkì. Ṣeédáadáa ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó máa ń ti ẹnu rẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń gé irin, "Ṣe é dáadáa." Bí wọ́n bá ń gbé gíláàsì sọ́kọ̀, "Ṣe é dáadáa." Wọ́n ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, nígbà tí ẹni tó ń so wọ́n pọ̀ lanu láti gbàdúrà, Ṣeédáadáa ní kí òun náà ṣe é dáadáa. Irọ́ ni, àmọ́ irọ́ tó jọ ọ́ ni.

Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń sọ ìtàn yẹn fún àwọn oníbàárà. Ìyàwó náà ti kú. Ó ti lé lọ́dún kan. Bí ènìyàn bá kí Ṣeédáadáa kú ara fẹ́ra kù, á ní òun dúpẹ́, á sì béèrè irú fèrèsé tí onítọ̀hún fẹ́. Àwọn kan ní ọkàn rẹ̀ le. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í sọ nǹkan kan.

Ohun tó wá gbé ọ̀rọ̀ dìde ni òfin ínfọ́ìsì. Ìjọba ti ní ìwé owó ọjà kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ ẹni tó ń tà bọ́ sí ọwọ́ ẹni tó ń rà lásán mọ́. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n á ti kọ ọ́, á sì kọ́kọ́ gba ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ owó-orí kọjá. Ẹ̀rọ náà á yẹ̀ ẹ́ wò finnífinní. Bó bá pé, á lu òǹtẹ̀ fún un. Bí kò bá pé, á dá a padà bí ìgbà tí adènà dá àlejò tí kò wọ bàtà padà. Ínfọ́ìsì tí kò lóǹtẹ̀, bébà lásán ni.

Agbaṣẹ́ṣe kan wà tí wọ́n ń pè ní Alága, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹgbẹ́ kankan tó fi í jẹ alága. Òun ni oníbàárà Ṣeédáadáa tó tóbi jù. Ilé-ẹ̀kọ́ ńlá kan ló ń kọ́ lọ́wọ́, ti Ṣeédáadáa sì ni gbogbo fèrèsé rẹ̀. Ó ti pè é lórí fóònù, kò sì fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀.

"Ṣeédáadáa, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀, ọ́fíìsì mi ò ní gba ínfọ́ìsì tí ò lóǹtẹ̀ mọ́. Bí tìẹ ò bá lè kọjá, màá wá ẹni tí tiẹ̀ ń kọjá. Ọ̀rẹ́ ni wá, àmọ́ ẹ̀rọ ò mọ ọ̀rẹ́."

Bí ilé-ẹ̀kọ́ yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ Ṣeédáadáa, ìdajì àwọn tó ń gé irin lẹ́yìnkùlé ni yóò lọ jókòó sílé. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ariwo ẹ̀rọ ìgérin rọlẹ̀ díẹ̀ nígbà tí obìnrin kan gbé àpò kọ̀ǹpútà kọ́ èjìká wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Àǹtí Ìjọba ni wọ́n ń pe obìnrin náà ní gbogbo àdúgbò oníṣòwò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, kó wo ohun tí kò jẹ́ kí ínfọ́ìsì wọn kọjá, kó sì bá àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tún tiwọn ṣe bí òfin ṣe fẹ́. Ẹni tó ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí Ṣeédáadáa ń lò ti wà ní ọ́fíìsì dè é. Àbúrò ìyàwó Ṣeédáadáa ni. Injiníà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ olóògbé ń pè é láti kékeré, nítorí pé kò sí rédíò tó bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ tó tún sọ̀rọ̀ mọ́.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ kú iṣẹ́."

"Ẹ káàsán, Àǹtí Ìjọba. Ṣé ẹ ti wá ti ilẹ̀kùn mọ́ wa ni?"

"Ta ló máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ń ṣe ilẹ̀kùn? Ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í ṣe ìjọba o. Èmi ni mo dúró sáàárín ẹ̀yin àti ìjọba kí wọ́n má baà fi orí yín fọ́ àgbọn."

"Ó dáa. Ẹ dúró dáadáa níbẹ̀."

Injiníà bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ ti gba tiyín."

Yàrá kékeré ni ọ́fíìsì náà, gíláàsì ni wọ́n fi pín in kúrò lára ṣọ́ọ̀bù. Àga tó wà nídìí kọ̀ǹpútà lọ sílẹ̀ jù fún Ṣeédáadáa, orúnkún rẹ̀ sì máa ń gbá tábìlì. Àga náà ṣeé gbé sókè. Kò kàn gbé e sókè ni.

Wọ́n fi ínfọ́ìsì kan ránṣẹ́ láti dán an wò. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ owó-orí dá a padà. Wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́. Ó tún dá a padà. Ojú ti Injiníà.

"Àǹtí, ẹ̀yin náà rí i. Ètò kan náà ni ẹni tó ń ta táyà ń lò, tiẹ̀ ń kọjá. Àwọn tó ń rán yúnífọ́ọ̀mù ń lò ó, tiwọn ń kọjá. Kí ló dé tó jẹ́ níbi tí mo ti kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀, lọ́wọ́ ẹbí mi, ló ti ń dójú tì mí?"

Obìnrin náà sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Ó ń ka ìdí tí ẹ̀rọ fi kọ̀. "Ó ní nọ́ńbà yìí ti wà nílẹ̀. Ínfọ́ìsì kan, nọ́ńbà kan ni òfin wí. Kò sí ẹni tó lè jókòó sórí àga tí ẹlòmíràn ti jókòó sí. Ó tún ní ọjọ́ tó wà lókè rẹ̀ kò bá ìyókù mu." Ó yíjú sí Ṣeédáadáa. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Injiníà ṣe èyí tó kàn. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ ṣe é níṣojú wa, bí ẹ ṣe máa ń ṣe é lójoojúmọ́."

"Kí lẹ fẹ́ wò níbẹ̀?"

"Mi ò tíì mọ̀. Bí ojú bá farabalẹ̀, á rí imú."

Ṣeédáadáa fa àga mọ́ra. Kò tẹ ibi tí wọ́n kọ "Tuntun" sí. Ó wá orúkọ Alága kàn, ó ṣí ínfọ́ìsì kan tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó pa ọjà inú rẹ̀ rẹ́, ó kọ ti tuntun sí i pẹ̀lú ìka kan, ó yí iye rẹ̀ padà, ó yí ọjọ́ rẹ̀ padà níbi kan, ó gbàgbé rẹ̀ níbòmíràn. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni kò fọwọ́ kàn. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: *Ẹ kú oríire ọmọ tuntun. Ọlọ́run á wò ó. Ẹ jẹ́ kí ìyá ọmọ sùn o, ẹ̀yin náà ẹ dìde lóru.*

"Alága ti bímọ ni?" Àǹtí Ìjọba béèrè.

Ọwọ́ Ṣeédáadáa dúró. "Ìyàwó mi ló kọ ọ́."

Ẹ̀rọ ìgérin ké lẹ́yìnkùlé, ó sì dákẹ́.

Ìyàwó Ṣeédáadáa kì í fi ínfọ́ìsì ránṣẹ́ láìkí ènìyàn. Àyè kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀ ojú ewé, tí àwọn ẹlòmíràn máa ń fi kìlọ̀ pé ọjà tí a bá ti rà, a kì í dá a padà, ibẹ̀ lòun ti ń bá ayé sọ̀rọ̀. Ó kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ yege ìdánwò. Ó bá ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn kẹ́dùn. Ó fi ẹni tó ra ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkọ rẹ̀ máa ń bínú sí i. "Ìwé owó ni, kì í ṣe lẹ́tà." Obìnrin náà kò ní gbójú sókè kúrò lára kọ̀ǹpútà. "Ẹ̀yin mọ irin, èmi mọ ènìyàn. Kálukú kó gbájú mọ́ tiẹ̀."

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, tí Ṣeédáadáa padà sí ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà kan fẹ́ ínfọ́ìsì. Ó jókòó, ó tẹ "Tuntun", ojú ewé funfun kan sì là sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó pa á dé, ó sì ṣí ti àtijọ́ tí ìyàwó rẹ̀ kọ fún oníbàárà náà. Irin àti gíláàsì ló yí padà. Ó fi ìkíni sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ṣì ń kí àwọn ènìyàn, òun kàn ń bá a gbé iṣẹ́ jíṣẹ́ ni. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kì í ṣe nǹkan tí àgbàlagbà lè sọ kó má dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé.

"Bùọ̀dá." Injiníà ti dìde. "Ẹ dúró ná. Kí lẹ tẹ̀ gbẹ̀yìn yẹn?"

"Mo fi pamọ́."

"Ẹ fi pamọ́ síbo?"

"Síbi tó wà."

Injiníà na ọwọ́ kọjá èjìká rẹ̀, ó tẹ èyí, ó tẹ tọ̀hún, ó sì wo ojú kọ̀ǹpútà pẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Níbo ni ti ẹ̀gbọ́n mi wà?"

"Òun náà nìyẹn."

"Tiyín nìyí, Bùọ̀dá. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń béèrè. Èyí tó kọ nígbà tí Alága bímọ."

"Ẹ̀dà rẹ̀ ni mo ń ṣe."

"Ẹ̀dà kọ́! Ojúlówó lẹ ń ṣí. Ẹ ń pa ohun tó kọ rẹ́, ẹ wá ń kọ tiyín lé e lórí. Òun ló bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kó ṣeé ṣí padà, torí pé ó máa ń ṣi lẹ́tà tẹ̀. Ẹ wò ó: ilé tí Alága ń kọ́ nígbà náà ti lọ. Ìwọ̀n fèrèsé ibẹ̀ ti lọ. Kódà níbi tí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà, orúkọ yín ló wà níbẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ló kù. Bùọ̀dá, ẹ̀yin lẹ ń pa á rẹ́, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́."

"Injiníà," Àǹtí Ìjọba pè é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ṣeédáadáa dìde. Orúnkún rẹ̀ gbá tábìlì. Ó jáde láìwo ojú ẹnikẹ́ni, ó sì gba ẹ̀yìn lọ sáàárín àwọn òṣìṣẹ́.

Férémù kan wà lórí tábìlì iṣẹ́, ó ti pé, wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ó mú téèpù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Ọ̀gbẹ́ni tó ń gé gíláàsì, ẹni tó ti bá a ṣiṣẹ́ tipẹ́, wò ó títí.

"Ọ̀gá, férémù yẹn ò tíì dàgbà sí i láti àárọ̀ o."

Ṣeédáadáa kò rẹ́rìn-ín. "Bí mo bá ní kí ẹ dúró sílé fúngbà díẹ̀, kí lo máa ṣe?"

"Màá máa wá jókòó síbí. Ìyàwó mi ò lè gbà mí sílé lọ́sàn-án." Àwàdà ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ṣé ó ti dé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá?"

Kó tó dáhùn, fóònù rẹ̀ dún. Alága ni.

"Ṣeédáadáa! Ṣé ó ti kọjá?"

"Ó ń dá a padà."

"Kí ló ní o ṣe fún òun?"

Ṣeédáadáa sọ ọ́ fún un. Kò fi nǹkan kan kún un. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń fi àtàǹpàkò nu eruku irin kúrò lára férémù.

"Mo mọ̀," ni Alága wí. "Ọmọ tí ìyàwó ẹ ń kí mi kú oríire rẹ̀ yẹn, ó ti ń bá mi jà lórí rìmóòtù. Mo ṣebí o mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ ni. Ìyàwó mi máa ń ní kí n kà á fún òun kí n tó fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì."

"O ò sọ fún mi."

"Kí n sọ kí ni? Kí n ní kó o pa á rẹ́?"

Ṣeédáadáa gbé fóònù sí etí kejì. "Àwọn ti tẹ́lẹ̀, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí yín, ṣé wọ́n ṣì wà?"

"Mi ò ní parọ́ fún ẹ. A ti kó kúrò ní ọ́fíìsì àtijọ́, kọ̀ǹpútà ibẹ̀ sì ti bàjẹ́. Màá ní kí wọ́n wá a. Àmọ́ má gbójú lé e." Ó wúkọ́. "Akọ̀wé tuntun tó wà níbí ò mọ ìyàwó ẹ, Ṣeédáadáa. Bí oṣù bá ti parí, kò ní wo ojú mi."

Ṣeédáadáa ní ó ti yé òun. Ó fi fóònù sápò, ó sì dúró síbẹ̀. Ó rò ó pé kò sí ọlọ́ṣà tó wọlé, kò sí iná tó jó o. Ọwọ́ òun ni, ọwọ́ kan náà tí kì í gé irin láìwọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹlòmíràn bá ṣe irú rẹ̀ sí iṣẹ́ òun, òun ì bá lé e lọ. Ohun tó sì dùn ún jù ni pé ìfẹ́ ló fi ṣe é. Bó bá jẹ́ àìbìkítà ni, ì bá mọ bí yóò ṣe bínú sí i.

Nígbà tó padà wọ ọ́fíìsì, Injiníà dìde fún un.

"Bùọ̀dá, ẹ má bínú. Ẹnu mi yá jù."

"Òótọ́ lo sọ. Jókòó."

Àǹtí Ìjọba ti yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Bàbá, a ti wò ó. Àwọn oníbàárà tó ti padà wá ra ọjà láti ìgbà yẹn wá ni tiwọn ti lọ. Àwọn tí kò tíì padà wá, tiwọn wà bí ìyàwó yín ṣe kọ ọ́. Wọ́n pọ̀. Ẹni tó ra ilẹ̀kùn kan ṣoṣo kì í tètè ra èkejì."

"Kí lòfin wí nípa wọn?"

"Pé kẹ́ ẹ tọ́jú wọn. Kí Injiníà tì wọ́n pa nínú ètò yìí, kó máà ṣeé yí padà mọ́. Ẹ lè ṣí wọn kà. Ẹ ò lè kọ nǹkan kan sí wọn, ẹ ò sì lè pa lẹ́tà kan níbẹ̀ rẹ́. Bí àṣìṣe bá wà nínú rẹ̀, ìwé mìíràn lẹ máa kọ láti fi tún un ṣe. Èyí tẹ́ ẹ ti kọ lé lórí, èmi àti ẹ̀yin la máa jọ kọ àlàyé rẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ owó-orí. Bó ṣe rí la máa kọ ọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ínfọ́ìsì tẹ́ ẹ bá kọ láti òní lọ, orí ojú ewé tuntun ni."

Injiníà mi orí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ṣe títì yẹn tán. Ẹ̀yin lẹ máa ń ní kí n dúró ná."

"Bó bá tì í," Ṣeédáadáa béèrè, "èmi náà ò ní lè fọwọ́ kàn án?"

"Ẹ̀yin gan-an."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi náà, Bùọ̀dá."

Láti ọjọ́ ìsìnkú, gbogbo ènìyàn ló ti ń sọ fún Ṣeédáadáa ohun tó yẹ kó jọ̀wọ́ rẹ̀: aṣọ, bàtà, bẹ́ẹ̀dì tó gba ènìyàn méjì. Ó ti gbọ́ ọ títí etí rẹ̀ fi di. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnìkan sọ fún un pé nǹkan kan wà tí òun kò ní lè bà jẹ́ mọ́. Ó wo obìnrin náà, ó wo àna rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn gíláàsì níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń díbọ́n pé àwọn ò wo inú.

"Tì í," ó wí.

Injiníà tì í. Kò gbà ju kí ènìyàn nu ojú lọ.

Ṣeédáadáa jókòó, ó sì tẹ "Tuntun". Ojú ewé funfun náà là sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló fún un ní nọ́ńbà, èyí tó tẹ̀ lé ti ìyàwó rẹ̀ tó kẹ́yìn. Ó kọ orúkọ Alága. Ó kọ àwọn fèrèsé ilé-ẹ̀kọ́, ìwọ̀n wọn, irú gíláàsì wọn. Injiníà fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Àǹtí Ìjọba fojú sọ fún un pé kó fi í sílẹ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ gangan, èyí tí báńkì mọ̀.

Ó wá kan ìsàlẹ̀. Ó jókòó tì í. Ó rò ó bóyá kí òun kí ọmọ Alága, àmọ́ kò mọ orúkọ ọmọ náà, kò sì béèrè rí. Ohun tó mọ̀ ló kọ, pẹ̀lú ìka kan: *Fèrèsé àjà òkè máa pẹ́ díẹ̀. Gíláàsì tí wọ́n kó wá kọ́kọ́ kò dára, mo dá a padà. Ẹ má bínú.*

"Ṣé irú èyí ṣeé kọ síbẹ̀?"

"Ṣé òótọ́ ni?" Àǹtí Ìjọba béèrè.

"Òótọ́ ni."

"Ó ṣeé kọ."

Ó fi ránṣẹ́. Wọ́n ń wò ó. Injiníà di ọwọ́ pọ̀ bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. Lẹ́yìn náà ni òǹtẹ̀ hàn lójú kọ̀ǹpútà, àmì onígun mẹ́rin dúdú pẹ̀lú nọ́ńbà gígùn lábẹ́ rẹ̀.

"Ó kọjá!" Injiníà lu tábìlì. "Àǹtí, ó kọjá!"

"Mo rí i. Ẹ má fọ́ tábìlì oní-tábìlì."

Ṣeédáadáa dìde fún Injiníà kó lè jókòó, ó sì fara ti ògiri gíláàsì. Ó rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ru irin láti òkèèrè. "Ṣí ọ̀kan nínú èyí tó o tì," ó wí. "Jẹ́ ká mọ̀ bóyá ó tì lóòótọ́."

Injiníà ṣí ọ̀kan. Ó gbìyànjú láti tẹ lẹ́tà sí i. Ètò náà kọ̀. Ó tún gbìyànjú, ó kọ̀. Ó wá sún ojú ewé náà wá sísàlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè: "*Ẹ ti fi ẹnu gé owó ilẹ̀kùn yìí títí, ó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ gé ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Ẹ kú ẹnu o. Ẹ bá wa kí ìyàwó, ẹ sọ fún un pé a bá a kẹ́dùn.*"

Àǹtí Ìjọba fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín náà sì gba ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jáde. Injiníà ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú.

"Ta ló kọ ọ́ sí?" Ṣeédáadáa béèrè.

"Ọkùnrin kan tó ń tún fìríìjì ṣe."

"Mo mọ̀ ọ́n. Aláriwo ni lóòótọ́."

Ọ̀gbẹ́ni tó ń gé gíláàsì wá kan ògiri ọ́fíìsì láti ìta, ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí àwọn bẹ̀rẹ̀ sí í gé ti ilé-ẹ̀kọ́. Ṣeédáadáa fi orí dá a lóhùn pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà ṣì dúró, bóyá ó ń retí pé kí ọ̀gá jáde wá dúró lé àwọn lórí bó ṣe máa ń ṣe. Ṣeédáadáa gbé ọwọ́ sókè sí i pé kó máa lọ.

"Injiníà," ó wí, "ka òmíràn."